Ìtì, Èèpo àti Ewé: Ohun Tó Wà Nínú Igi àti Òwe Tí A Fi Ń Pa

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ìtì àti ewé: ohun tó wà nínú wọn, iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ìdí tí àwọn baba wa fi ń fi wọ́n pa òwe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú ẹ̀kọ́ báyìí wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, ó sì ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìdí kejì tún wà tí ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì. Igi tó ti ń ṣíji bo agbolé tàbí ọgbà ilé-ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ lè kú nítorí pé ẹnì kan bó èèpo rẹ̀ yíká, tàbí pé wọ́n fi wáyà dè é tí wọn kò sì tú u mọ́. Ẹni tó ṣe é lè má mọ̀ rárá pé òun ló pa igi. Bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀mí igi wà.

ORÚKỌ ÀWỌN Ẹ̀YÀ ARA TÍ A LÈ FOJÚ RÍ

Ìtì: Èyí ni ara igi tó dúró lórí ilẹ̀, tó gbé ẹ̀ka àti ewé sókè. Ti àgbàdo àti ti ọkà bàbà ni à ń pè ní pòròpórò. Èyí tí kò lè dá dúró, tó ń fà tàbí tó ń lọ́ mọ́ nǹkan, ni ìtàkùn. Bí a bá gé igi lulẹ̀, èyí tó kù nílẹ̀ ni kùkùté.

Ẹ̀ka: Ibi tí ìtì ti yà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Oríkèé: Ibi tí ewé ti ń yọ lára ìtì. Ẹ wo ìrèké tàbí ọparun, ẹ ó rí oríkèé wọn kedere.

Ojú: Ohun kékeré tó yọ sóde ní igun tí ewé ti pàdé ìtì. Inú ojú ni ẹ̀ka tuntun ti ń jáde. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ fi máa ń rí i pé igi tí òun gé ní ojú lára. Igi ẹ̀gẹ́ tí kò ní ojú kò lè hù.

Èèpo: Aṣọ tó bo ìtì àti ẹ̀ka.

Ewé: Ó ní ọ̀pá tín-ín-rín tó so ó mọ́ ẹ̀ka, ó ní ojú pẹlẹbẹ, ó sì ní iṣan.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌTÌ IGI

Ẹ mú igi bíi mángòrò, kòkó, ọsàn tàbí ìrókò. Bí a bá gé e, tí a wò ó láti òde wọ inú, ìpele márùn-ún ni a ó bá.

1. Èèpo òde. Ó ti gbẹ, ó sì le. Ó ń dáàbò bo igi lọ́wọ́ oòrùn, iná àti kòkòrò.

2. Èèpo inú. Ó tutù, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ nìyí. Ṣúgà tí ewé bá ṣe ń gba ibí yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, ó sì ń lọ sí ibikíbi tí igi ti ń hù tàbí tó ti ń so. Ìwé sáyẹ́ǹsì ń pè é ní phloem.

3. Ìpele ìdàgbà. Ó tín-ín-rín gan-an. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo kúrò lára igi tútù, ibi tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yẹn ló wà. Òun ló ń ṣe èèpo inú tuntun sí òde, tó sì ń ṣe igi tuntun sí inú. Nítorí rẹ̀ ni ìtì fi ń sanra sí i.

4. Igi tútù. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà omi nìyí, èyí tí ìwé sáyẹ́ǹsì ń pè ní xylem. Omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ń gba ibí yìí gòkè láti gbòǹgbò lọ sí ewé.

5. Ọkàn igi. Èyí ni igi àtijọ́ tó wà láàárín. Kò gbé omi mọ́, ṣùgbọ́n ó le, òun ló sì ń mú igi dúró. Lára ìrókò, ó máa ń dúdú ju igi tútù tó yí i ká lọ. Òun ni káfíńtà fẹ́ràn jù.

Ẹ̀ka tó ṣì kéré máa ń ní ohun rírọ̀ funfun láàárín, bíi mùdùnmúdùn inú egungun. Ẹ ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí i.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nítòsí òde ni ẹ̀mí igi wà, kì í ṣe ní àárín. Ìdí nìyí tí igi kan fi lè ní ihò ńlá nínú, kí ó sì máa yọ ewé lọ́dọọdún. Ọkàn igi nìkan ló jẹrà, ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ ṣì wà.

ÌDÍ TÍ IGI FI Ń KÚ BÍ A BÁ BÓ ÈÈPO RẸ̀ YÍKÁ

Bí ẹnì kan bá bó èèpo igi yíká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó ti gé ọ̀nà oúnjẹ. Ewé ṣì ń rí omi nítorí pé ọ̀nà omi wà nínú igi lọ́hùn-ún. Nítorí náà, igi náà lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò rí oúnjẹ gbà mọ́. Nígbà tí èyí tó ti fi pamọ́ bá tán, gbòǹgbò á kú. Bí gbòǹgbò bá kú, omi kò gòkè mọ́, gbogbo igi á sì gbẹ. Nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ẹni tó bó o.

Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Marcello Malpighi, ṣe àyẹ̀wò yìí ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn. Ó bó èèpo igi yíká, ó sì rí i pé òkè ibi tó bó wú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò wú. Oúnjẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti há sókè. Ìwé tó kọ lórí ara ohun ọ̀gbìn jáde ní apá méjì, ní ọdún 1675 àti 1679.

Kí ni èyí kọ́ wa?

Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ gba èèpo ọ̀gànwó, ahùn tàbí mángòrò fún àgbo, ẹ má bó o yíká. Ẹ gba díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó gùn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ó má fẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú èèpo gbọ́dọ̀ wà lára igi. Ẹ má padà sí ojú kan náà títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má fi wáyà tàbí okùn aṣọ sílẹ̀ lára igi. Ìtì ń sanra, wáyà kì í fẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wáyà yóò wọ inú èèpo lọ, yóò sì fún ọ̀nà oúnjẹ pa bí ẹni fún ènìyàn lọ́rùn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ so okùn, ẹ máa tú u láti ìgbà dé ìgbà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ oko rọ́bà. Inú èèpo ni oje funfun rọ́bà wà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha èèpo ní ìdàbú, ṣùgbọ́n wọn kì í ha á yíká tán, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ìpele ìdàgbà. Nípa bẹ́ẹ̀, igi kan náà lè máa fún wọn ní oje fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Igi oṣè yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi ńlá tí a mọ̀. Ó máa ń tún èèpo hù bí wọ́n tilẹ̀ bó o. Ẹ má fi ti oṣè ṣe àpẹẹrẹ fún igi yòókù.

ÀGBÀDO, ÌRÈKÉ, Ọ̀PẸ ÀTI Ọ̀GẸ̀DẸ̀

Kì í ṣe gbogbo ìtì ló rí bí ti mángòrò. Ẹ gé pòròpórò àgbàdo ní ìdàbú, ẹ ó rí àwọn àmì tóótòòtó káàkiri inú rẹ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdì kékeré tí ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ìrèké náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ ìrèké, omi dídùn tí ẹ mu wà nínú ara rírọ̀ rẹ̀. Àwọn okùn tí ẹ tu dà nù ni ìdì wọ̀nyẹn.

Ọ̀pẹ náà wà nínú ẹbí yìí. Kò ní ìpele ìdàgbà tó ń mú ìtì sanra lọ́dọọdún, nítorí náà, ìtì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá ti ga. Ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ wà káàkiri inú ìtì. Ẹ̀mí rẹ̀ wà ní orí, níbi tí màrìwò ti ń yọ. Ojú kan ṣoṣo yìí ló ní fún gíga. Bí a bá gé e, ọ̀pẹ kú nìyẹn. Ẹmu tí adẹ́mu ń gbé wá láti òkè ọ̀pẹ dùn nítorí pé ọ̀nà oúnjẹ ló ti wá. Ṣúgà tí ewé ṣe ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Ohun tí a ń pè ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìtì. Ìsàlẹ̀ ewé ni, tí wọ́n wé ara wọn, ọ̀kan nínú èkejì. Ẹ ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àwọn yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ àti omi wà nínú wọn. Kò sí igi níbẹ̀ rárá. Ìtì rẹ̀ gan-an wà nínú ilẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ so, yóò ti ọ̀pá kan gba àárín àwọn ewé yẹn jáde sókè, èso yóò sì so sórí rẹ̀. Lẹ́yìn èso kan ṣoṣo, èyí tó so á kú, ọmọ tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì gba ipò rẹ̀.

INÚ EWÉ

Ewé ni ilé ìdáná igi. Oòrùn ni iná rẹ̀. Omi ń ti gbòǹgbò wá, afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì ń gba ihò ara ewé wọlé, oúnjẹ tó sì ń jáde ni ṣúgà. Bí ó ti ń ṣe é, ó ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀, èyí tí àwa ń mí sínú. Ní ọdún 1779, Jan Ingenhousz, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ ni ewé ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé kì í ṣe é nínú òkùnkùn.

Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí a ó rí nìyí:

1. Awọ òkè, tí nǹkan bí ìda bò, kí omi inú ewé má baà gbẹ. Ti ewé kókò pọ̀ débi pé òjò kì í rin ín. Omi á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀.

2. Àwọn sẹ́ẹ̀lì gígùn tó tò gbọọrọgbọ bí igi ọgbà. Àwọn ló ní àwọ̀ ewé jù, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ jù.

3. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àyè wà láàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè rìn.

4. Awọ ìsàlẹ̀, tó ní àwọn ihò kéékèèké tó ń ṣí, tó sì ń padé. Lára ọ̀pọ̀ igi, abẹ́ ewé ni ihò wọ̀nyí pọ̀ sí, kí oòrùn má baà gbẹ omi inú ewé. Ewé àgbàdo ní wọn lójú méjèèjì.

Iṣan ewé ló ń gbé omi wọlé, tó ń gbé oúnjẹ jáde. Iṣan ewé kòkó, ewédú àti mángòrò fọ́n káàkiri bí àwọ̀n. Ti àgbàdo àti ìrèké tò lọ gbọọrọ láìpàdé ara wọn. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ti àárín lọ sí etí ní títò. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ fi máa ń ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ láàárín iṣan kan sí èkejì.

Báwo ni a ṣe ń mọ odidi ewé? Ẹ wá ojú. Lára dóńgóyárò, ẹ ó rí ewé wẹ́wẹ́ púpọ̀ lára ọ̀pá kan. Kò sí ojú ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ibi tí ọ̀pá náà ti pàdé ẹ̀ka ni ojú wà. Nítorí náà, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ ewé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni odidi imọ̀ ọ̀pẹ: ewé kan ni. Ìgbálẹ̀ tí ẹ fi ń gbá ilé, eegun àárín àwọn ewé wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ni.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àràbà àti ìrókò máa ń wọ́ ewé. Kì í ṣe àìsàn. Omi ilẹ̀ ti dínkù, ewé sì ń ná omi. Igi á dí ọ̀nà ní ìdí ewé kí ewé tó bọ́, kí ojú ibẹ̀ má baà di ọgbẹ́.

ÀWỌN TÓ Ń TAN ENÌYÀN JẸ

Atalẹ̀: inú ilẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ìtì ni, kì í ṣe gbòǹgbò. Ó ní oríkèé, ó sì ní ojú.

Àlùbọ́sà: ìsàlẹ̀ ewé tó sanra ni à ń jẹ. Ìtì rẹ̀ ni ohun líle pẹlẹbẹ kékeré tó wà ní ìdí, tí irun gbòǹgbò so mọ́.

Abàmọ̀dá: ewé rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lè yọ ọmọ ní etí, nítorí pé ojú wà níbẹ̀. Ewé tó ní ojú ní etí ṣọ̀wọ́n.

Pàtànmọ́: bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ń padé. Ibi tó wú díẹ̀ wà ní ìdí ewé náà. Omi ló sá kúrò ní apá kan rẹ̀.

Òṣíbàtà: orí omi ni ewé rẹ̀ lé, nítorí náà òkè ni ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà, kì í ṣe abẹ́. Àyè afẹ́fẹ́ tó wà nínú ewé àti ọ̀pá rẹ̀ ló jẹ́ kó lè lé téńté. Ẹ ó ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi òun àti ojúoró ṣe àdúrà pé kí ènìyàn máa lékè.

ÀWỌN ÒWE ÀTI ÌTUMỌ̀ WỌN

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí. Kò sí igi nínú rẹ̀, àdá tó kú pàápàá á gé e. Ìtumọ̀: a kì í fi agbára ńlá kojú ọ̀ràn kékeré.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìtumọ̀: ọmọ ló ń di ipò òbí mú lẹ́yìn ikú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe nínú oko gan-an nìyí.

Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lọ́dọọdún ni ìpele ìdàgbà ń fi igi kún igi. Ìtumọ̀: ìgbà tí ìwà ọmọ ṣì rọ̀ ni à ń tọ́ ọ sọ́nà.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Omi eérú tí a fi ṣe ọṣẹ dúdú máa ń rọ ara ewé tí a fi dì í. Ìtumọ̀: ẹni tí a bá ń bá rìn pẹ́, ìwà rẹ̀ yóò ràn wá.

Ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ni yóò jọ lọ. Okùn inú ìtàkùn lágbára, ṣùgbọ́n erin ju ìtàkùn lọ. Ìtumọ̀: ẹni tó bá dènà ẹni tó jù ú lọ yóò bá a lọ.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN ILÉ ÀTI ILÉ-ÌWÉ

1. Ẹ fa gbúre tútù kan tu, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú ife omi tí ẹ po yíǹkì pupa sí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gé ìtì rẹ̀ ní ìdàbú. Ibi tó pupa ni ọ̀nà omi.

2. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ẹ̀ka kan tó ní ewé, kí ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ so òmíràn mọ́ ẹ̀ka tí ẹ ti já ewé rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ fi omi inú ọ̀rá méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ sì tú wọn kúrò.

3. Ẹ yí gbogbo igi ọgbà ilé-ìwé yín ká. Ẹ wo èyí tí wáyà, okùn tàbí ìṣó wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá yín tú èyí tó ṣeé tú.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọmọ kan fi ọ̀bẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára igi ní gíga èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ṣé orúkọ náà yóò ti gòkè? (Rárá. Ẹnu ẹ̀ka ni igi ti ń ga. Ìtì ń sanra ni.)

2. Kí ló dé tí igi tí a bó yíká kì í kú lọ́jọ́ kan náà?

3. Èwo ni ìtì nínú àwọn wọ̀nyí: atalẹ̀, àlùbọ́sà, imọ̀ ọ̀pẹ?

4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín bí wọ́n ṣe ń gba èèpo igi fún àgbo ní ìgbà èwe wọn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fún kíláàsì yín.